Wíwọ̀ sí Òtẹ́ẹ̀lì Ìgboro ní Japan: Ìtọ́sọ́nà fún Àlejò Tó Ń Bọ̀ Láti Òkèèrè

Ní ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì lọ́dọ̀ wa, ohun téèyàn ò sọ nígbà tó ń gba yàrá, ó lè sọ ọ́ tó bá dé káúńtà. Ẹ lè bẹ mánìjà pé kó dín owó kù díẹ̀, kó wá mátírẹ́ẹ̀sì kan fún àbúrò yín tó tẹ̀lé yín wá, kó sì jẹ́ kí ẹ sùn di aago méjì ọ̀sán kí ẹ tó jáde. Ní Japan, wọ́n á tẹríba, wọ́n á bẹ̀ yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn ò sì ní ṣe é. Kì í ṣe pé wọn ò lójú àánú. Ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ kí ẹ tó dé ni wọ́n fi múra dè yín. Ohun tí ẹ bá sì sọ ṣáájú, bó ti wù kó kéré tó, wọ́n á ṣe é láìyẹ̀. Torí náà, ìdajì iṣẹ́ tó wà nínú ìtọ́sọ́nà yìí, inú ilé yín lẹ ti máa ṣe é.

1. Ẹ mọ irú ilé tí ẹ fẹ́ wọ̀ sí

Oríṣi mẹ́ta lẹ máa rí jù nígboro. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní *bijinesu hoteru*, tí wọ́n kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rìnrìn àjò nítorí iṣẹ́: Toyoko Inn, APA, Super Hotel, Dormy Inn àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n mọ́ tónítóní, owó wọn mọ níwọ̀n, àmọ́ yàrá wọn há. Yàrá ẹnì kan sábà máa ń wà láàárín mítà onígun mẹ́rin (square metre) 11 sí 15. Bí ẹ bá ṣí àpótí ńlá méjì sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ ò ní rí ibi gbẹ́sẹ̀ sí mọ́.

Èkejì ni *shiti hoteru*, àwọn ńláńlá tó ní ilé oúnjẹ tó ju ẹyọ kan lọ, gbọ̀ngàn ìgbéyàwó àti òṣìṣẹ́ tó ń báni gbẹ́rù. Imperial Hotel ní Tokyo, tó ti ń gbàlejò láti 1890, wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni New Otani tí wọ́n ṣí nígbà ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1964. Lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti ka owó iṣẹ́ ìsìn mọ́ iye tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń tó ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀kẹta ni ti kápúsù, tó bẹ̀rẹ̀ ní Osaka lọ́dún 1979: àyè kóńkóló tí ẹnì kan lè sùn sí, tí wọ́n tò léra wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló ya ọkùnrin sọ́tọ̀, tó ya obìnrin sọ́tọ̀. Ẹni tó gbé àpótí kílò 23 méjì wá láti Èkó ò gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Lójú tèmi, ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́ kó wọ *bijinesu hoteru* tó sún mọ́ ibùdókọ̀ ojú irin, kó má wo ẹwà yàrá. Ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ pé èèyàn máa fi rìn láti ibùdókọ̀, kí ẹ sì wo orúkọ ọ̀nà àbájáde tó sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá máa balẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú Narita, agbègbè Ueno ní Tokyo rọrùn nítorí ọkọ̀ ojú irin Keisei ń lọ síbẹ̀ tààrà. Bó bá jẹ́ Haneda, ẹ wo agbègbè Hamamatsucho tàbí Shinagawa. Àwọn tó bá balẹ̀ sí Kansai lè gba Namba ní Osaka, torí ọkọ̀ ojú irin Nankai ń já síbẹ̀. Agbègbè Shinjuku ní Tokyo dùn, ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ rẹ̀ tóbi débi pé ẹni tó bá gba ọ̀nà òdì jáde tòun tẹrù á rìn títí á fi rẹ̀ ẹ́.

2. Gbígba yàrá: orí èèyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà

Ibí yìí ni ìjọ̀ngbọ̀n wa pọ̀ sí jù. Ní Japan, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì kì í ta yàrá lásán. Iye èèyàn tó máa sùn síbẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣírò owó. Bí ẹ bá gba yàrá ẹnì kan, tí ẹ wá mú ìyàwó dé, wọ́n lè ní kí ẹ san owó kún un, tàbí kí wọ́n sọ pé òfin panápaná ò gba ẹni méjì láàyè nínú yàrá yẹn, kí ó sì parí síbẹ̀. Àlejò tó wá kí yín pẹ̀lú, ìsàlẹ̀ ni kó ti kí yín. Ẹ má dọ́gbọ́n mú un gòkè, kódà bó jẹ́ ọmọ ìyá yín tó ń gbé ní Tokyo. Bó bá máa sùn mọ́jú, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ tiyín nígbà tí ẹ ń gba yàrá.

Ọmọdé náà orí ni. Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ló ń jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé bá òbí sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tí wọ́n ń pè ní *soine*, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ pé ọmọ wà.

Ó tún kan bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí wọ́n kọ “semi-double” sí, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 120; “double” máa ń tó 140. Àwa tí bẹ́ẹ̀dì six by six ti mọ́ lára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwòrán tàn yín. Tọkọtaya tó fẹ́ sùn dáadáa, “twin” ni kí wọ́n gbà, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì méjì. Bí ẹ kì í bá mu sìgá, ẹ yan 禁煙 (*kin'en*). Yàrá 喫煙 (*kitsuen*) ni ti àwọn tó ń mu ún, òórùn rẹ̀ ò sì ní kúrò nítorí pé ẹ ṣí fèrèsé.

Orúkọ tó wà nínú páspọ́ọ̀tì gan-an ni kí ẹ kọ. Ẹni tí páspọ́ọ̀tì rẹ̀ pè ní Babatunde kó má fi Tunde gba yàrá, kí obìnrin tó ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ ṣùgbọ́n tí páspọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣì gbé orúkọ bàbá rẹ̀ má sì fi ti ọkọ gbà á. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ máa dé. Bí ọkọ̀ òfuurufú yín bá pẹ́, ẹ pè wọ́n tàbí kí ẹ fi ìméèlì ránṣẹ́, torí ẹni tí kò yọjú lásìkò tó dá, tí kò sì sọ nǹkan kan, wọ́n lè kà á sí ẹni tí kò wá mọ́, kí wọ́n sì gba gbogbo owó náà.

Àwọn ìgbà kan wà tí yàrá máa ń wọ́n gógó: ìparí oṣù March sí ìbẹ̀rẹ̀ April nígbà tí òdòdó sàkúrà ń tanná, ọ̀sẹ̀ ìsinmi láti April 29 sí May 5, àárín oṣù August, àti ọdún tuntun. Alẹ́ Sátidé náà máa ń wọ́n ju alẹ́ Sọ́ńdè lọ. Bí ẹ bá lè yí ọjọ́ padà, ẹ yí i.

Owó orí ìbùsùn tún wà tó lè má sí nínú iye tí ẹ san lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Tokyo, láti 2002, ẹni tí owó yàrá tó kan òun nìkan bá tó yẹ́nì 10,000 lóru kan ń san yẹ́nì 100; bó bá tó 15,000, yẹ́nì 200. Ti Kyoto bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ó sì wọ́n ju ti Tokyo lọ. Káúńtà lẹ máa san án sí.

Fún àwọn tó ń lọ pẹ̀lú páspọ́ọ̀tì Nàìjíríà, yàrá tí ẹ gbà wà lára ìwé tí ẹ máa kó lọ fún físà, nítorí pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ ibi tí ẹ máa sùn lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ gba èyí tí ẹ lè fagi lé láìsan owó, títí físà á fi jáde. Àwọn ará wa tó ní páspọ́ọ̀tì Ìlú Ọba tàbí ti Amẹ́ríkà ò nílò físà bí wọ́n bá ń lọ gbafẹ́ fún ọjọ́ 90 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀.

3. Ohun tí ẹ máa dì sẹ́rù, àti èyí tí ẹ máa fi sílẹ̀

Iná Japan jẹ́ 100 fóòtì, ihò pẹrẹsẹ méjì sì ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn ní. Pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu mẹ́ta tí à ń lò ní Nàìjíríà àti Ìlú Ọba ò ní wọlé, torí náà ẹ ra àdápítà méjì kí ẹ tó kúrò nílé. Ṣájà fóònù àti ti kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ 100–240V sí lára á ṣiṣẹ́. Áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìfárí tí wọ́n ṣe fún 220V nìkan kò ní ṣe dáadáa. Irin oníná tí àwọn kan fi ń se omi nínú ike, ẹ jẹ́ kó jókòó sílé. Kẹ́tù wà nínú yàrá, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ èéfín sì wà lókè àjà.

Kìlíṣí àti ẹran gbígbẹ ńkọ́? Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ò ní jẹ́ kó kọjá.

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, réésà, kóòmù, ọṣẹ, ṣáḿpù àti aṣọ ìsùn, òtẹ́ẹ̀lì ló máa pèsè wọn. Láti ìgbà tí òfin lórí nǹkan oníke ti bẹ̀rẹ̀ ní April 2022, ọ̀pọ̀ wọn ò kó o sínú yàrá mọ́. Wọ́n tò ó sí ẹ̀gbẹ́ káúńtà kí kálukú mú ìwọ̀n tó fẹ́ lò. Ìpara àti òróró irun tiyín ni kí ẹ gbé, torí ẹ ò ní rí èyí tó bá irun wa mu ní ṣọ́ọ̀bù ìtòsí.

4. Láti pápákọ̀ òfuurufú dé káúńtà

Ẹ kọ àdírẹ́sì òtẹ́ẹ̀lì sínú fóònù lédè Japan, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn. Wọ́n á bi yín léèrè ibi tí ẹ máa gbé nígbà tí ẹ bá ń wọ̀lú, ẹ sì lè ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lórí Visit Japan Web, ìkànnì ìjọba wọn fún àwọn tó ń wọ̀lú. Ọ̀pọ̀ òpópónà níbẹ̀ ò lórúkọ. Nọ́ńbà àdúgbò ni wọ́n ń lò. Bí awakọ̀ takisí ò bá rí ibẹ̀, nọ́ńbà fóònù òtẹ́ẹ̀lì ló máa tẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìfọ̀nàhàn rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn takisí ń ṣí fúnra rẹ̀, ẹ má fà á.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kó àlejò wọ yàrá. Bí ẹ bá dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n á bá yín tọ́jú ẹrù lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ò sì ní wọ yàrá. Ẹni tí ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ bá máa balẹ̀ ní ìdájí, tó sì mọ̀ pé òun á fẹ́ sùn, kó gba yàrá náà láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó sì sọ fún wọn pé ìdájí lòun máa dé. Àfikún owó ni, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ti wà lójú ọ̀run fún ogún wákàtí, kì í ṣe ìnákúnàá.

Ní káúńtà, wọ́n á gba páspọ́ọ̀tì yín, wọ́n á sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Òfin ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àlejò tí kò ní àdírẹ́sì ní Japan, ẹ má jẹ́ kí ara fu yín. Wọ́n á dá a padà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa mú un rìn, torí òfin ní kí àlejò tó bá ti tó ọmọ ọdún 16 máa gbé e káàkiri. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń gbé ibẹ̀ ń lo káàdì ìgbélùú wọn.

Ọ̀pọ̀ *bijinesu hoteru* ló máa ń gbowó kí ẹ tó gòkè, nígbà míì lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ báǹkì yín, kí ẹ tó gbéra, bóyá káàdì yín á ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti iye tó lè ná lóṣù, kí ẹ má sì gbára lé ẹyọ káàdì kan. Ẹ̀rọ ATM inú ṣọ́ọ̀bù 7-Eleven ń gba káàdì ilẹ̀ òkèèrè. Bí ẹ bá ń san owó lọ́wọ́, inú àwo kékeré tó wà lórí káúńtà ni kí ẹ fi í sí. Wọn kì í gba ẹ̀bùn owó. Ẹ má fi sórí tábìlì fún ẹni tó ń tún yàrá ṣe. Wọ́n á rò pé ẹ gbàgbé rẹ̀ ni.

5. Nínú yàrá

Ibi tí à ń pè ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè ní 1F, nítorí náà àjà kejì tiwọn ni àkọ́kọ́ tiwa. Tí ẹ ò bá rí yàrá tó parí sí 4 tàbí 9, ìró ikú àti ìró ìyà ni nọ́ńbà méjèèjì ní létí wọn, àwọn ilé kan sì máa ń fò wọ́n.

Bí ẹ bá wọlé tí òkùnkùn ṣú, ẹ wo ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ihò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ki káàdì sí kí iná tó tàn. Bí ẹ bá yọ ọ́, gbogbo iná á kú, tí ẹ̀rọ amúlétutù á sì kú pẹ̀lú wọn. Fíríìjì sábà máa ń wà ní pípa. Ẹ wá bọ́tìnnì rẹ̀ nínú. Omi ẹ̀rọ ṣeé mu, ẹ má fowó ra omi oníke lójoojúmọ́. Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ wọ sílípáàsì tí wọ́n gbé kalẹ̀. Bó bá jẹ́ *yukata* ni aṣọ ìsùn, apá òsì ni kó wà lókè apá ọ̀tún. Òkú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún lódìkejì. Nínú òtẹ́ẹ̀lì ńlá, ẹ má wọ̀ ọ́ jáde sí ibi ìgbàlejò.

Tọ́lẹ́ẹ̀tì wọn lè bani lẹ́rù lọ́jọ́ kìíní. Ilé iṣẹ́ TOTO ló mú ti Washlet jáde ní 1980, ó sì ti wà níbi gbogbo báyìí. おしり ló ń da omi sí ìdí, ビデ wà fún obìnrin, 止 ló ń dá a dúró. Ìkẹyìn yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ há sórí, kí ẹ tó tẹ nǹkan kan. Láti ṣàn án, 大 ni omi púpọ̀, 小 ni díẹ̀. Bébà ìnùdí, inú rẹ̀ ni kí ẹ jù ú sí, kì í ṣe inú gáàbéèjì. Mùsùlùmí tó máa ń gbé búta rìn kò ní nílò rẹ̀ níbí.

Balùwẹ̀ inú yàrá kékeré jẹ́ oníke látòkè délẹ̀, tí ọpọ́n ìwẹ̀, básíìnì àti tọ́lẹ́ẹ̀tì jọ wà pa pọ̀. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ ìkọ́lé New Otani lè yá kí Òlíńpíìkì tó bẹ̀rẹ̀, ó sì tàn kálẹ̀ láti ibẹ̀. Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́: ẹ fi kọ́tìnnì sínú ọpọ́n kí ẹ tó ṣí ṣáwà, kí omi má bàa kún ilẹ̀, kí ẹ sì rántí pé ilẹ̀ balùwẹ̀ ga ju ti yàrá lọ. Ẹni tó jí lóru tójú ẹ̀ ò tíì là dáadáa máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀.

6. Ilé ìwẹ̀ gbogbogbòò

Àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan, Dormy Inn pàápàá, ní *daiyokujo*, ibi ìwẹ̀ ńlá olómi gbígbóná. 男 ni ti ọkùnrin, 女 ni ti obìnrin. Ìhòòhò ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Wọn ò gba aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ jókòó sórí àpótí kékeré, ẹ fi ọṣẹ wẹ ara yín tónítóní, ẹ ṣan ọṣẹ náà kúrò pátápátá, lẹ́yìn náà kí ẹ tó wọ inú omi. Táwẹ̀lì kékeré ò gbọ́dọ̀ kan omi náà, bẹ́ẹ̀ ni irun ò gbọ́dọ̀ kàn án. Obìnrin tó di irun gígùn kó ká a sókè kó sì dé e. Ẹ má mú fóònù wọlé rárá.

Wọ́n máa ń kọ ẹni tó fín tátù sára, nítorí àwọn jàǹdùkú *yakuza* ló fi í ṣe àmì. Ilà ojú tiwa kì í ṣe tátù, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní ẹnu ọ̀nà lè má mọ ìyàtọ̀. Ní 2013, ilé ìwẹ̀ kan ní Hokkaido dá obìnrin Maori kan, ọmọ ìbílẹ̀ New Zealand, padà nítorí àmì ìbílẹ̀ tó wà lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ìròyìn káàkiri. Bí ẹ bá ní àmì lára, ẹ béèrè ní káúńtà kí ẹ tó bọ́ra. Bí wọ́n bá kọ̀, ọpọ́n inú yàrá yín wà níbẹ̀.

7. Oúnjẹ àárọ̀

Láti bí aago 6:30 tàbí 7:00 ni, ó sì máa ń parí kó tó di aago mẹ́wàá. Ìrẹsì, ọbẹ̀ míso, ẹja súnsun, ewéko òkun, ẹyin. Ẹyin tí wọn ò sè náà wà, torí náà ẹ béèrè kí ẹ tó fọ́ ọ. Èyí tó máa yà yín lẹ́nu ni *nattō*, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n mú kí ó kan, tó ń yọ̀, tó sì ń rùn. Ẹni tó ti fi irú se ọbẹ̀ láti kékeré ti mọ òórùn yẹn dáadáa, ìdílé kòkòrò àìrí kan náà, Bacillus, ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Ẹ fi ìrẹsì jẹ ẹ́. Ó jẹ́ ohun ìyanu fún mi pé àwọn ará wa ló tètè máa ń fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn Òyìnbó lọ.

Ata ò sí nínú oúnjẹ náà. Mùsùlùmí kó wo àmì 豚, ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn, kó sì rántí pé wọ́n máa ń fi ọtí sínú ọbẹ̀ àti omi ẹja. Ẹ sọ ohun tí ẹ kì í jẹ nígbà tí ẹ bá ń gba yàrá, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti gbé àwo lọ́wọ́.

8. Ariwo

Ògiri fẹ́lẹ́. Àdúrà òru tí à ń fi ohùn gbígbóná gbà, ìpè fóònù pẹ̀lú ẹbí ní Ìbàdàn nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú ní Tokyo (wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣíwájú wa), yàrá kejì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Káúńtà á pè yín lórí fóònù, wọ́n á bẹ̀ yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kó ohùn yín níjàánu.

9. Ìmìtìtì ilẹ̀

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó gbọ́n. Kí ẹ tó sùn lọ́jọ́ kìíní, ẹ ka àwòrán ọ̀nà àsálà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín títí dé àtẹ̀gùn, kí ẹ sì wo ibi tí tọ́ọ̀ṣì wà. Ìtòsí bẹ́ẹ̀dì ló sábà máa ń wà. Ẹ fi bàtà sí ibi tí ọwọ́ yín á tó. Áàpù Safety tips máa ń kìlọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Bí ilẹ̀ bá mì, ẹ jìnnà sí fèrèsé, ẹ bo orí, ẹ dúró dìgbà tó máa dáwọ́ dúró. Ilé gíga máa mì jìgìjìgì; wọ́n kọ́ ọ kó lè mì, kó má bàa wó. Lọ́jọ́ kìíní September 1923 tí ìmìtìtì ńlá Kanto pa Tokyo run, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń ṣí ilé tuntun Imperial Hotel tí Frank Lloyd Wright yàwòrán rẹ̀, ó sì dúró. Lẹ́yìn tó bá rọlẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kó má bàa há, ẹ tẹ́tí sí ohun tí òtẹ́ẹ̀lì bá sọ, kí ẹ má wọ lífìtì. 119 ni ti panápaná àti áḿbúláǹsì, 110 ni ti ọlọ́pàá. Àjọ arìnrìn-àjò ìjọba wọn ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lórí 050-3816-2787 tọ̀sán-tòru.

10. Ọjọ́ tí ẹ máa jáde

Aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá àárọ̀ ni, wọ́n sì ń gbowó wákàtí lórí ẹni tó bá pẹ́. Ẹ lè fi ẹrù sílẹ̀ ní káúńtà títí di ìrọ̀lẹ́.

Bí ẹ bá ń lọ láti Tokyo sí Kyoto tàbí Osaka, ẹ má wọ́ àpótí wọ ọkọ̀ ojú irin. Ẹ sọ ní káúńtà pé ẹ fẹ́ *takkyubin*. Wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù, ilé iṣẹ́ bíi Yamato tó ní àmì ológbò dúdú á sì gbé ẹrù náà lọ sí òtẹ́ẹ̀lì yín tó kàn, tó sábà máa ń débẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ kọ orúkọ tí ẹ fi gba yàrá níbẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ máa wọlé sórí fọ́ọ̀mù náà, kí ẹ sì gbé aṣọ ọjọ́ kan dání sínú báàgì kékeré. Bó bá jẹ́ pápákọ̀ òfuurufú lẹ fẹ́ kó gbé e lọ, ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ọkọ̀ òfuurufú àti wákàtí tó máa gbéra.